Owó àdúgbò: báwo ló ṣe yẹ kí àwọn onílé pín in?

Bí ọ̀rọ̀ owó bá ti wọ ìpàdé àwọn onílé, ariwo kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní Ìjerò, Àrámọkọ, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, àwọn onílé fúnra wọn ló ń dáwó ọ̀pọ̀ nǹkan tí àdúgbò ń lò: owó oṣù àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ òru, epo tí wọ́n fi ń fa omi kànga ẹ̀rọ, àti àtúnṣe ojú ọ̀nà tí ọ̀gbàrá ti gbẹ́.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí wọ́n pín owó náà lórí ilé, kí gbogbo onílé san iye kan náà. Akápò kò ní í ṣe ìṣirò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ó tọ́ kí opó tó ń gbé ilé oníyàrá méjì san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó kọ́ yàrá méjìlá, tó sì ń gbowó lọ́wọ́ ayálégbé?

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní ogún ilé ló wà ládùúgbò kan, tí yàrá wọn lápapọ̀ jẹ́ 120, tí owó epo omi sì jẹ́ ₦60,000 lóṣù. Bí wọ́n bá pín in lórí ilé, ₦3,000 ni ilé kọ̀ọ̀kan yóò san. Bí wọ́n bá pín in lórí yàrá, ₦500 ni yàrá kan. Opó yóò san ₦1,000, oníyàrá méjìlá yóò san ₦6,000. Ẹni tó ń lo omi jù ló ń san jù.

Èyí kò wá sọ pé gbogbo owó ló yẹ kí á pín lórí yàrá. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ṣe ló yẹ kó sọ bí wọn yóò ṣe pín in. Olè kì í ka yàrá kó tó wọlé, nítorí náà owó ọlọ́dẹ lè dọ́gba. Gọ́tà náà kan gbogbo ilé: omi tó ń ya bo ilé tó wà nísàlẹ̀ òkè, láti orí òrùlé àwọn tó wà lókè ló ti ṣàn wá. Ní ìpínlẹ̀ Maharashtra lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ìlànà tí ìjọba là sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ onílé náà ya owó wọ̀nyí sọ́tọ̀: iye ẹnu ẹ̀rọ omi àti bó ṣe tóbi tó ni wọ́n fi ń pín owó omi, ṣùgbọ́n ọgbọọgba ni owó àwọn tó ń ṣọ́ ilé.

Ti tiransifọ́mà tún yàtọ̀. Ní ọdún 2015, àjọ NERC ṣe ìlànà pé kí àwọn oníbàárà tó náwó sórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àdéhùn gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn àti ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná lórí bí owó wọn yóò ṣe padà. Láti ọdún 2024, àkóso iná Èkìtì ti bọ́ sọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ kankan tó dáwó, ọ̀dọ̀ wọn ni kó ti kọ́kọ́ béèrè.

Bó ti wù kí wọ́n pín in tó, bí kò bá sí àkọsílẹ̀, ìjà kò ní í tán. Òfin ilé yíyá tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 fún ayálégbé tó ń san owó àbójútó ilé lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìṣirò rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà. Òfin Èkó kò dé Èkìtì, ṣùgbọ́n kò sóhun tó ní kí ẹgbẹ́ onílé má fi ṣe àwòkọ́ṣe. Kí akápò máa fún ènìyàn ní rìsíìtì, kó sì máa ka ìṣirò sétíìgbọ́ gbogbo ìpàdé.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba. Ẹgbẹ́ tó bá rántí méjèèjì ni opó àti olówó yóò jọ máa jókòó sí ìpàdé rẹ̀.