Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá: Òfin Ìdènà Ìgbésùnmọ̀mí àti Ẹ̀tọ́ Afurasí ní Ilẹ̀ Nàìjíríà

1. Ìfáàrà

Ní Ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní ìlú Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní 40. Ṣáájú èyí, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn ti yìnbọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n nígbà tí ọba náà ń ti ìpàdé àwọn lọ́balọ́ba bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ẹni tí ó bá ń ti Ìkàrẹ́, Ọ̀kà tàbí Àfìn lọ sí Àkúrẹ́ mọ̀ pé Ọ̀wọ̀ ni a sábà máa ń gbà kọjá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìgbésùnmọ̀mí kì í ṣe ìròyìn òkèèrè fún ará Àkókó mọ́. Ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé.

Bébà yìí kò wá jiyàn bóyá ó yẹ kí ìjọba gbógun ti irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀tọ́ láti wà láàyè ni òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ṣáájú gbogbo ẹ̀tọ́ yòókù, ní abala 33. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ibi tí ẹ̀tọ́ afurasí ti ń bọ́ sọnù nínú òfin tí a ṣe láti dáàbò bo ará ìlú. Èrò wa ni pé kì í ṣe nínú ìtumọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tàbí nínú bí ìjìyà ṣe pọ̀ tó ni ewu náà pọ̀ sí jù. Ó wà nínú agbára tí òfin fún ilé-ẹjọ́ láti gbọ́ ẹnu ìjọba nìkan, kí ó sì fi ènìyàn sí àtìmọ́lé fún ìgbà tí kò ní òpin. Àwọn àgbà ti ní orúkọ fún irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

2. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí a lò

Ìgbésùnmọ̀mí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn oníròyìn ń lò jù fún ìwà ipá tí a mọ̀ọ́mọ̀ hù láti fi kó ìpayà bá ará ìlú, tàbí láti fi fipá mú ìjọba ṣe ohun tí kò fẹ́ ṣe. Òfin ọdún 2011 túmọ̀ rẹ̀ bákan náà, ó sì yọ ìwọ́de àti ìyanṣẹ́lódì sílẹ̀ bí àwọn tó ṣe é kò bá ní in lọ́kàn láti ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Afurasí ni ẹni tí a fura sí. Abala 36 òfin-ìpìlẹ̀ sọ pé aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ni a ó ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Àṣẹ apá-kan ni a ó máa pe àṣẹ tí adájọ́ fún olùpẹ̀jọ́ nígbà tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò sí níbẹ̀, tí agbẹjọ́rò rẹ̀ náà kò sì sí níbẹ̀.

3. Bí a ṣe dé ibi tí a wà

Fífi ènìyàn sí àtìmọ́lé ní orúkọ ààbò ìlú kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari gbé Òfin Kejì jáde. Òfin yìí fún ìjọba lágbára láti ti ẹni tí wọ́n bá kà sí ewu fún ààbò orílẹ̀-èdè mọ́lé láìfẹ̀sùn kàn án, ó sì ká ilé-ẹjọ́ lọ́wọ́ kò. Ìjọba tí ó gba ipò lẹ́yìn náà kò ju ohun ìjà yìí nù. Ní ọdún 1995, ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha mú Olóyè Adékúnlé Ajáṣin, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, pẹ̀lú àwọn mìíràn, nítorí ìpàdé òṣèlú tí ìjọba ní kò bófin mu. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì tó wà ní Àkùngbá-Àkókó ń jẹ́ lónìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1996, wọ́n mú Olóyè Gani Fáwẹ̀hìnmi, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, láìsí ìwé àṣẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, èyí tí ó sọ ní ọdún 2000 pé Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí Nàìjíríà ti sọ di òfin ara rẹ̀, lágbára ju òfin lásán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ga tó òfin-ìpìlẹ̀.

Orísun òfin tòde-òní yàtọ̀. Lẹ́yìn ìkọlù oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ní Amẹ́ríkà, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàṣẹ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, nínú ìpinnu 1373, pé kí wọ́n sọ ìgbésùnmọ̀mí àti gbígbé owó kalẹ̀ fún un di ẹ̀ṣẹ̀. Nàìjíríà kò yára ṣe é títí rògbòdìyàn Boko Haram fi bẹ́ sílẹ̀ ní Maiduguri ní ọdún 2009, tí bọ́m̀bù sì dún ní Àbújá ní ọjọ́ àyájọ́ òmìnira ọdún 2010. Ààrẹ Goodluck Jonathan bu ọwọ́ lu Òfin Ìdènà Ìgbésùnmọ̀mí ní ọdún 2011. Wọ́n tún un ṣe ní 2013. Ní ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ọdún 2022, Buhari, tí ó ti di ààrẹ alágbádá, bu ọwọ́ lu òfin tuntun tí ó rọ́pò méjèèjì. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ti Ọ̀wọ̀ ṣẹlẹ̀.

Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà láàárín Òfin Kejì àti àwọn òfin wọ̀nyí. Ti àtijọ́ ti ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ pa. Ti òde-òní ṣí i, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni ó gbà wọlé.

4. Ohun tí òfin lè ṣe fún ènìyàn kan

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kan ní Àfìn ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, tí òfin ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2020, rí i nítòsí igbó tí àwọn ajínigbé ti ń ṣọṣẹ́, wọ́n mú un, wọ́n sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Abala 35 òfin-ìpìlẹ̀ ni ààbò rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ní bí ilé-ẹjọ́ tó ní agbára lórí ẹ̀sùn náà bá wà láàárín kìlómítà 40, kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Bí kò bá sí, kí ó jẹ́ ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé ó bójú mu.

Bí ẹ̀sùn rẹ̀ bá jẹ́ olè, ilé-ẹjọ́ Májísíréètì wà ní Ìkàrẹ́. Bí wọ́n bá pe ẹ̀sùn náà ní ìgbésùnmọ̀mí, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan ló lè gbọ́ ọ. Èyí tó wà ní Àkúrẹ́ ju kìlómítà 40 lọ sí Àfìn. Orúkọ tí a fún ẹ̀sùn ti sún àgbẹ̀ yìí jìnnà sí adájọ́, ó sì ti sún un jìnnà sí ẹbí tó lè gbé oúnjẹ lọ fún un àti agbẹjọ́rò tí owó rẹ̀ lè ká.

Àṣẹ apá-kan ni ó kàn. Òfin ọdún 2011 fún ilé-ẹjọ́ lágbára láti fi afurasí sí àtìmọ́lé fún ọjọ́ 30. Àtúnṣe ọdún 2013 sọ ọ́ di 90. Òfin ọdún 2022 dá a padà sí 60. Ohun tí kò yí padà ni pé wọ́n lè sọ àṣẹ náà di ọ̀tun léraléra títí ìwádìí yóò fi parí. Lóòótọ́, Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀daràn ti ọdún 2015 náà gba àṣẹ apá-kan láàyè, ṣùgbọ́n ọjọ́ 14 ni ó fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó bá sì yá, adájọ́ gbọ́dọ̀ pe ìjọba kí ó wá sọ ìdí tí kò fi tíì fẹ̀sùn kan ẹni náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun náà ti fojú winá bọ́m̀bù, gbé gbèdéke tirẹ̀ dé ọjọ́ 28 ní ọdún 2006, ó sì tún dín in kù sí 14.

Ọ̀nà kan ṣì kù tí a lè rò pé àgbẹ̀ náà lè gbà bọ́. Abala 35 kan náà sọ pé bí a kò bá gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó wà ní àtìmọ́lé láàárín oṣù méjì, kí a dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n abala náà yọ ẹni tí a fura sí pé ó ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú sílẹ̀, ìgbésùnmọ̀mí tó bá la ẹ̀mí lọ sì lè yọrí sí ikú. Bí ọ̀nà náà ṣe dí nìyẹn.

5. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀

Àpẹẹrẹ mẹ́ta yóò fi hàn pé ohun tí a ń sọ kì í ṣe àbá lásán. Èkíní ni ti Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS ọdún 2020, báńkì náà gba àṣẹ apá-kan ní Àbújá láti ti àkáǹtì ènìyàn àti iléeṣẹ́ 20 pa fún ọjọ́ 90. Ìfura pé owó náà lè jẹ́ ti ìgbésùnmọ̀mí ni ó fi ti ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Oṣù Kejì ọdún 2021 ni wọ́n tó tú àṣẹ náà ká. Ìwọ́de tí òfin ọdún 2011 yọ sílẹ̀ lójú ewé tún padà bọ́ sínú rẹ̀ gba ọ̀nà owó.

Èkejì ni ti ìwọ́de oṣù Kẹjọ ọdún 2024 lórí ìyà tó ń jẹ ará ìlú. Ilé-ẹjọ́ gbà kí ọlọ́pàá fi ènìyàn 124 sí àtìmọ́lé fún ọjọ́ 60. Nígbà tí wọ́n gbé 76 wá sí kóòtù ní ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá, àwọn ọmọdé wà lára wọn, àwọn mìíràn sì ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìjọba yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà.

Ẹ̀kẹta ni ti Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni àwọn ológun kéde pé ọwọ́ ti tẹ àwọn afurasí. Ọjọ́ 11, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025 ni àjọ DSS tó gbé ènìyàn márùn-ún wá sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá. Wọ́n sì ní àwọn kò jẹ̀bi. Ẹ̀bi tàbí àre wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ bébà yìí. Ohun tí a rí ni pé fún ọdún mẹ́ta gbáko, àwọn ẹbí òkú kò gbọ́ ẹ̀rí kankan, ààyè kò sì sí fún afurasí láti dáhùn ní gbangba. Àtìmọ́lé gígùn kò mú ìdájọ́ yá fún ẹnikẹ́ni.

6. Èsì sí àwọn tí ó ní ààbò ló ṣáájú

Àwọn kan yóò ní ìgbà kò rí bí ó ti ń rí tẹ́lẹ̀. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pàápàá, nínú ẹjọ́ Dokubo-Asari ní ọdún 2007, sọ pé bí ààbò orílẹ̀-èdè bá wà nínú ewu, ẹ̀tọ́ ẹnìkan lè dúró sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí, a kò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ tì. Ṣùgbọ́n òfin-ìpìlẹ̀ ti sọ bí a ṣe lè dín ẹ̀tọ́ sí òmìnira ara kù. Abala 45 gbà á láàyè ní àkókò pàjáwìrì, tí ààrẹ kéde lábẹ́ abala 305, tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ sì fọwọ́ sí. Ìjọba tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, kí ó gbà á ní gbangba. Kò yẹ kí ó fi àṣẹ apá-kan gba ohun kan náà ní ìkọ̀kọ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, àgbẹ̀ àti ọdẹ ni ojú ìjọba nínú igbó Àkókó. Àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ rí àjèjì ẹsẹ̀. Bí ẹni tó wá sọ ohun tó rí bá lè di afurasí, tí ẹbí rẹ̀ kò sì ní mọ ibi tí ó wà, ẹnu yóò dákẹ́. Àǹfààní ìdákẹ́jẹ́ náà kò ní jẹ́ ti ìjọba.

7. Àbá àti àgbálọgbábọ̀

Àbá mẹ́rin ni a mú wá. Èkíní, kí àṣẹ apá-kan jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí ìjọba bá fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀tun, kí afurasí àti agbẹjọ́rò rẹ̀ wà níwájú adájọ́. Èkejì, kí òfin dá iye ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ̀kẹta, òfin ọdún 2015 ti pàṣẹ pé kí adájọ́ Májísíréètì máa bẹ àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn ibi àtìmọ́lé mìíràn tí kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n wò lóṣooṣù. Kí wọ́n mú un lò, kí ó sì kan ti DSS àti ti ológun. Ẹ̀kẹrin, abala 35 ní ẹni tí a tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́ yóò gba owó ìtanràn àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Kí ilé-ẹjọ́ má ṣe lọ́ra láti fún un.

Kò sí èyí tí yóò dá apànìyàn sílẹ̀ nínú àwọn àbá wọ̀nyí. Níwájú ọba àti àwọn ìjòyè, ẹni tí a mú pẹ̀lú ẹrù olè lọ́wọ́ pàápàá, wọ́n á ní kí ó sọ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ òfin tí a kọ sínú ìwé kò ju ìyẹn lọ.