Ìbàjẹ́ Kékeré Lára Ọkọ̀ Òfuurufú àti Fọ́ọ̀mù Ìnṣọ́ránsì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni ó ní ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn dókítà, àwọn olóko ńlá, àti àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n dá owó jọ a máa ní ọkọ̀ kékeré tí kò gbà ju ènìyàn méjì tàbí mẹ́rin lọ, tí wọ́n fi ń gbafẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọdọọdún ni ìnṣọ́ránsì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń parí, ọdọọdún náà sì ni a máa ń bi ọlọ́kọ̀ léèrè bóyá ohunkóhun ṣe ọkọ̀ náà láàárín ọdún tí ó kọjá. Ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo yìí lè gba ilé àti owó ìpamọ́ ènìyàn là, ó sì lè kó o sí gbèsè.

Bí àpẹẹrẹ, ọkùnrin kan ń ti ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú gàréèjì ní ìrọ̀lẹ́. Ìkángun apá ọkọ̀ náà gbá ilẹ̀kùn, ó sán díẹ̀, iná kékeré tí ó wà níbẹ̀ sì fọ́. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tún un ṣe ní £300, ọlọ́kọ̀ sì san án láti inú àpò ara rẹ̀, nítorí pé àdéhùn rẹ̀ ni pé òun ni yóò máa ru £500 àkọ́kọ́ nínú ìbàjẹ́ yòówù tí ó bá ṣẹlẹ̀. Kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Nígbà tí fọ́ọ̀mù dé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun tí òun kò gba owó lé lórí kò kan ẹnikẹ́ni mọ́.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lè rí ìwé tọ́ka sí pàápàá. Nínú ìlànà ìwádìí jàǹbá tí àjọ ọkọ̀ òfuurufú àgbáyé, ICAO, gbé kalẹ̀, èyí tí à ń pè ní Annex 13, ìbàjẹ́ tí ó mọ sí ìkángun apá, abẹ̀bẹ̀ iwájú, táyà tàbí bíréèkì kò sí nínú ohun tí a kà sí jàǹbá. Ṣùgbọ́n ìlànà àwọn olùwádìí jàǹbá ni ìyẹn. Ìbéèrè ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè gbòòrò jù ú lọ. Bí fọ́ọ̀mù bá béèrè nípa jàǹbá, òfò tàbí ìbàjẹ́, ìbáà ṣe pé a gba owó lórí rẹ̀ tàbí a kò gbà, ilẹ̀kùn gàréèjì ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn.

Wọn kì í sì í béèrè lásán. Ohun tí ojú rí lára ọkọ̀ òfuurufú kọ́ ni gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀. Bí abẹ̀bẹ̀ iwájú ọkọ̀ bá gbá ilẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ etí abẹ̀bẹ̀ náà nìkan ni yóò tẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára ìkọlù náà a máa gba ara irin tí ń yí abẹ̀bẹ̀ wọ inú ẹ́ńjìnì lọ, ó sì lè mú kí irin sán níbi tí ojú kò tó, bí ìlà tí kò nípọn ju irun orí lọ. Nítorí èyí ni ilé-iṣẹ́ Lycoming ti Amẹ́ríkà, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré káàkiri ayé, fi fi àṣẹ ránṣẹ́ pé kí a yẹ inú ẹ́ńjìnì wò lẹ́yìn irú ìkọlù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò gba ewu ọkọ̀ náà rù fún ọdún kan sí i fẹ́ mọ̀ bóyá a yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́.

Òfin tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1766 ni Lord Mansfield, olórí adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ẹjọ́ Carter àti Boehm. Carter ni gómìnà odi Fort Marlborough ní erékùṣù Sumatra. Ó ṣe ìnṣọ́ránsì pé kí a san owó fún òun bí ọ̀tá bá gba odi náà, àwọn ará Faransé sì gbà á ní 1760. Boehm kọ̀, kò san owó, ó ní Carter kò sọ bí odi náà ti ṣe aláìlágbára tó. Mansfield wí pé ẹni tí ń ra ìnṣọ́ránsì ni ó sábà máa ń mọ ohun tí ẹnì kejì kò lè mọ̀, kò sì gbọdọ̀ fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tí ń tà á mọ̀, tàbí tí ó yẹ kí ó mọ̀, kò lè fi ṣe àwáwí. Carter ni ó jàre. Apá kìn-ín-ní ìdájọ́ náà ni àwọn ènìyàn a máa rántí. Wọn a máa gbàgbé ẹni tí ó jàre.

Òfin ìnṣọ́ránsì ojú omi ti 1906, tí Nàìjíríà tẹ̀ lé àpẹẹrẹ rẹ̀ nígbà tí ó ṣe tirẹ̀ ní 1961, le púpọ̀. Bí ènìyàn bá gbàgbé láti sọ ohun pàtàkì kan, bí kò tilẹ̀ ní ète búburú, ilé-iṣẹ́ lè sọ gbogbo ìwé náà di òfo. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dẹ okùn náà. Lábẹ́ òfin 2012, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ wà fún ìgbafẹ́ kò ní láti máa wá ohun tí a kò bi í sọ. Ojúṣe rẹ̀ ni kí ó fi ìṣọ́ra dáhùn ohun tí a bi í. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó yẹ ohun tí ó ti sọ ní èṣí wò bóyá ó ṣì rí bẹ́ẹ̀, tí ó sì dákẹ́, òfin náà lè ka ìdákẹ́ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òtítọ́. Ti ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú àti àwọn oníṣòwò le ju èyí lọ: òfin 2015, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ 2016, ní kí wọ́n fúnra wọn wádìí, kí wọ́n sì sọ ohun pàtàkì gbogbo.

Nínú òfin méjèèjì, ilé-iṣẹ́ ni yóò fi hàn pé bí òun bá ti mọ òótọ́, òun kì bá tí gba ọkọ̀ náà, tàbí pé àdéhùn mìíràn ni òun ì bá ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé £1,000 ni ì bá gbà, tí ó sì jẹ́ £800 ni ọlọ́kọ̀ san, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún òfò ni ó lè san. Lórí òfò £20,000, £16,000 nìyẹn. Ọlọ́kọ̀ yóò wá £4,000 tí ó kù nítorí £200. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ lè ṣàìrí kọ́bọ̀ gbà, kí owó tí ó ti san sì wọmi.

Ìfipamọ́ gan-an kò rọrùn, nítorí pé àtúnṣe ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́ tí ènìyàn lè ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Oníṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ a máa kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀, a sì máa fi ọwọ́ sí i pẹ̀lú ọjọ́. Bí jàǹbá ńlá bá ṣẹlẹ̀, ìwé yẹn wà lára ohun tí a ó kọ́kọ́ béèrè.

Ó sì ṣeé ṣe kí ilẹ̀kùn gàréèjì náà má fi kọ́bọ̀ kún owó ọdún tuntun, nítorí pé sísọ yàtọ̀ sí bíbéèrè owó. Lẹ́tà kúkúrú tó: ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ohun tí ó bàjẹ́, ẹni tí ó tún un ṣe àti iye tí ó gbà, pẹ̀lú ẹ̀dà ojú ewé tí a kọ ọ́ sí nínú ìwé ọkọ̀. Bí alárinà bá wà, kí ọlọ́kọ̀ rántí pé aṣojú òun ni alárinà sábà máa ń jẹ́ lójú òfin, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́; ohun tí a sọ fún un lè má tí ì dé ibi tí ó ń lọ. Kí ó béèrè ìdáhùn ilé-iṣẹ́ náà lórí ìwé, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ náà.