Àpò Inú Àpótí: Àlàyé lórí Ohun Èlò tí a fi ń Gbé Omi

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní Jakande Estate tí ó wà ní Ìlasàn, ọmọ aládùúgbò mi kan dúró ti ọ̀kan nínú àwọn tí ń ta omi kiri, àwọn tí a ń fi èdè Hausa pè ní mai ruwa. Bí ọkùnrin náà ti ń da omi láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú garawa, ọmọ náà bi mí léèrè pé, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó dé tí kẹ́ẹ̀gì ń ké gbúlú-gbúlú, tí omi kò sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́?" Mo dá a lóhùn pé afẹ́fẹ́ ni ó ń wá ọ̀nà wọlé. Nígbà tí mo dé ilé, mo rí i pé ìdáhùn mi kò tó. Nínú ìbéèrè ọmọdé yìí ni olórí ọgbọ́n tí a fi ń ṣe ohun èlò ìgbómi fara pamọ́ sí, òun ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

Kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ará Ìlasàn. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, láti 1979 títí di òpin 1983, ìjọba rẹ̀ kọ́ ilé tí apá mẹ̀kúnnù lè ká sí ọ̀pọ̀ àdúgbò, ibẹ̀ sì ni orúkọ estate náà ti wá. Ilẹ̀ iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀: òkun wà ní gúúsù, ọ̀sà wà ní àríwá. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní agbègbè Lẹ́kí, omi kànga a máa ní iyọ̀, tàbí kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n. Ilé iṣẹ́ omi ńlá ti Ijù àti ti Adíyàn sì wà ní òdìkejì ọ̀sà lọ́hùn-ún. Nítorí náà, táńkà àti ọmọláńke ni ẹ̀rọ omi fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Kẹ́ẹ̀gì le, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù mẹ́ta. Èkíní, ọwọ́ kò wọ inú rẹ̀, nítorí náà èérí tí ó bá lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú kò ṣeé fọ̀ dáradára. Èkejì, bí omi ti ń jáde ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé, eruku a sì máa bá a wọlé. Ẹ̀kẹta, òfìfo rẹ̀ gba àyè bí ìgbà tí ó kún. Kẹ́ẹ̀gì 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba líítà 25 yóò gbé líítà 250, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 250. Nígbà tí omi bá tán, ẹrù fúyẹ́, ṣùgbọ́n ọmọláńke kún síbẹ̀.

Àwọn ará ìgbàanì ti bá àwọn àbùkù wọ̀nyí jà. Akèrègbè ni àwọn baba wa fi ń gbé ẹmu. Líle ni, kò ṣeé ká. Àwọn ará Òkè Ọya àti ti aṣálẹ̀ ń fi awọ ewúrẹ́ ṣe àpò omi. Bí omi ti ń dín ni àpò náà ń fún. Nígbà tí òwò epo pupa gbilẹ̀ ní etí òkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Òyìnbó a máa kó pákó àgbá wá ní dídì, àwọn oníṣẹ́ àgbá a sì tò ó pọ̀ ní èbúté. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá kó àgbá òfìfo sínú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń sanwó lé lórí.

Ohun tí ó kù ni láti pín iṣẹ́ náà sí méjì. Gbígba ìwúwo jẹ́ iṣẹ́ kan. Pípa ìmọ́tótó mọ́ jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Kí àpótí òde gba ìwúwo, kí àpò inú sì gba omi. Ní 1933 ni wọ́n ṣàwárí polyethylene ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ni irú ike tí a fi ń ṣe ọ̀rá. Ní 1955, William R. Scholle, ará Amẹ́ríkà, fi àpò ike sínú àpótí kí a lè gbé omi kíkan ti bátìrì láìséwu. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́tí wáìnì gba ọgbọ́n náà lò. Lónìí, àpò ńlá kan tí a tẹ́ sínú kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 20 lè gbé òróró tí ó tó líítà 24,000. Nígbà tí ó bá ṣófo, a lè ká a bí ẹní.

Báwo ni ọ̀rá tín-ín-rín ṣe ń gba ẹrù bẹ́ẹ̀? Kì í gbà á. Níbi tí omi bá jìn tó mítà 1, ó ń ti ohun tí ó yí i ká pẹ̀lú agbára tí ó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo tọ́ọ̀nù 1 lórí mítà 1 níbùú lóòró. Bí àpò bá tóbi díẹ̀ ju àpótí lọ, yóò fara ti àpótí, àpótí ni yóò sì gba ìtì náà. Ṣùgbọ́n bí àpò bá kéré ju àpótí lọ, òun nìkan ni yóò máa nà, yóò sì bẹ́. Ìlànà kìn-ín-ní nìyí fún ẹni tí yóò ṣe irú ohun èlò yìí.

Akèrègbè ni í júwe ibi tí a ó ti fi okùn bọ òun lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí omi Ìlasàn náà júwe ohun èlò tirẹ̀ fún wa. Àpótí pákó tí ó gùn ní mítà 1, tí ó fẹ̀ ní ìdajì mítà, tí ó sì ga ní ìdajì mítà, yóò gba líítà 250 gẹ́lẹ́, bíi kẹ́ẹ̀gì 10. Ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gba ìtì tí ó tó ìwúwo kìlógíráàmù 125, nítorí náà ó yẹ kí a fi irin dè é. Kí a fi ìdè ilẹ̀kùn so àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè wó lulẹ̀ ní pípele. Kí àpò inú nípọn, kí ẹnu òkè rẹ̀ fẹ̀ tó láti yí inú rẹ̀ síta, kí a lè fọ̀ ọ́, kí a sì sá a. Kí ẹnu ẹ̀rọ kékeré wà ní ìsàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ife tàbí ọwọ́ bọ omi. Nítorí pé omi tí ó mọ́ láti orísun a máa dọ̀tí ní ọwọ́ àwa tí ń bù ú.

Èmi kò sọ pé kò ní ìṣòro. Ìṣó kan ṣoṣo lè lu àpò. Ojú ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni ó sì kọ́kọ́ ń já. Àwọn àpò ńlá inú kọ̀ǹténà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sábà ń lo ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rá tí ó dí gọ́tà Èkó ti pọ̀ tó. Àpò tí kò bá ṣeé fọ̀, tí kò sì ṣeé tún lò, kò yẹ wá.

Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi èyí han àwọn ọmọ yín láìná owó púpọ̀. Ẹ dorí ìgò omi kan kodò: yóò ké gbúlú-gbúlú. Lẹ́yìn náà, ẹ já etí ọ̀rá omi mímu kan, èyí tí a ń pè ní píọ́ wọ́tà, kí ẹ sì dorí rẹ̀ kodò. Omi yóò jáde, ọ̀rá yóò fún pọ̀, kò sì ní ké. Afẹ́fẹ́ wà lóde, ó ń tì í, kò wọlé. Mo ti ṣe é lójú ọmọ aládùúgbò mi náà. Ó wo ọ̀rá òfìfo tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Bùọ̀dá, kí ni ó wá dé tí a kò fi ṣe kẹ́ẹ̀gì báyìí?" Èyí ni ìbéèrè tí mo gbé wá fún yín.