Nígbà tí Ìrántí Kọ̀ǹpútà Kò Gba Dátà Ńlá

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí dátà kékeré lè ṣàdédé já lulẹ̀ bí dátà náà ti ń pọ̀ sí i. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ẹni tó kọ ọ́ ni pé ìrántí kọ̀ǹpútà òun kò tó, a sì náwó ra òmíràn kún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, òfò ni owó náà. Ìrántí wà nílẹ̀. Ibi tí ètò ti béèrè fún un ni kò fẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí á wo tábìlì nọ́ńbà kan ní èdè C, tó ní ìlà 1,000 àti òpó 1,000. Báìtì 8 ni double kọ̀ọ̀kan ń gbà, nítorí náà báìtì 8,000,000 ni gbogbo rẹ̀. Èyí kò tó nǹkan lójú kọ̀ǹpútà òde òní. Ṣùgbọ́n bí a bá kéde tábìlì náà sínú function, orí stack ni yóò lọ, ìyẹn ààyè kékeré tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn nǹkan onígbà díẹ̀. Lórí Windows, MB 1 ni stack sábà máa ń jẹ́. Ètò náà yóò já lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Linux, MB 8 ni, ìyẹn báìtì 8,388,608, tábìlì náà yóò sì fi agbára káká wọlé. Bí a bá fi ìlà 100 kún un, "Segmentation fault" ni yóò jáde, gbólóhùn tí kò dárúkọ ìrántí rárá.

Àwọn kan a máa dábàá pé kí a fi àṣẹ ulimit -s fẹ stack lójú. Kọ̀ǹpútà ẹnì kan ni ìyẹn tún ṣe. Ẹlòmíràn tó bá lo ètò náà yóò bá ìṣòro kan náà pàdé. Ó sàn kí a fi malloc béèrè ààyè lórí heap, tó gbòòrò ju stack lọ fíìfíì, kí a sì wò bóyá NULL ni ó dá padà.

Ìṣirò pẹ̀lú a máa tanni jẹ. Bí n bá jẹ́ int tó dúró fún 50,000, n * n yóò jẹ́ 2,500,000,000, bẹ́ẹ̀ 2,147,483,647 ni òpin ohun tí int oníbíìtì 32 lè gbé. Iye náà yóò ti dàrú kí malloc tó gbọ́ ọ. Lórí kọ̀ǹpútà oníbíìtì 64, sizeof(double) * n * n ni kí a kọ, kí ìṣirò lè ti ọ̀dọ̀ size_t bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, Linux a máa ṣèlérí ìrántí ju èyí tó ṣẹ́ kù lọ. malloc lè gbà láìjanpata, kó jẹ́ ìgbà tí ètò bá ń kọ dátà síbẹ̀ ni Linux yóò pa á. Bí "Killed" nìkan bá hàn lójú ẹ̀rọ, àṣẹ dmesg ni yóò fi hàn bóyá àìtó ìrántí ló fà á.