Yógà: Ìmísíta ló ń ṣiṣẹ́ náà

Àyájọ́ Yógà Àgbáyé tún ti kọjá, ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ lọ́dún 2014. Àwòrán rẹ̀ kún orí fóònù. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé nína ara ló ń lé másùnmáwo lọ. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Èémí ni.

Ẹ wo balasana, ọ̀kan nínú èyí tó rọrùn jù. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ jókòó lé gìgísẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú títí ikùn yóò fi sùn lé itan, kí iwájú orí kan ẹní. Kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó ń kírun ní Màmú tàbí Àgọ́-Ìwòyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin tó forí kanlẹ̀ nínú ìrun máa ń gbé ikùn kúrò lórí itan.

Ẹ wá dìde jókòó, kí ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ níbi tó ti ń lù kì-kì. Ẹ mí sínú, lílù náà á yá díẹ̀. Ẹ rọra mí síta, á falẹ̀. Iṣẹ́ iṣan vagus nìyẹn, èyí tó ti ọpọlọ gba ọrùn sọ̀kalẹ̀ dé ọkàn àti ikùn. Ọkàn tí kò sí ohun tó ń dá a dúró á máa lù tó ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Vagus ló ń fà á bí ìjánu ẹṣin, tí ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ fi ń wà láàárín 60 sí 80. Bí a bá mí sínú, ìjánu á dẹ̀. Bí a bá mí síta, á le.

Otto Loewi, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ ní Graz ní Austria, fi ọkàn àkèré méjì wádìí iṣan yìí ní 1921. Ó fi iná mànàmáná ta vagus èkíní títí ọkàn náà fi falẹ̀, ó bu omi tó wà lára rẹ̀ dà sórí èkejì. Èkejì náà falẹ̀! Kẹ́míkà ni iṣan náà fi ń ránṣẹ́. Ojú àlá ló ní òun ti rí ọgbọ́n náà. Òun àti Henry Dale, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1936.

Ṣé balasana orí ẹní yẹn wá ń fi nǹkan kún iṣẹ́ èémí? Ẹ̀rí ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Lójú tèmi, àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń mú èèyàn dẹwọ́ kó lè mí dáadáa. Gbèsè àti owó ilé-ìwé kò ní bá èémí jáde, ẹni tó bá sì ní kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru ju oògùn rẹ̀ nù, ẹ má dá a lóhùn.

Obìnrin tí orúnkún ń dùn, tó ti ń yan gààrí láti àárọ̀, kò nílò ẹní. Lórí àpótí ló ti lè ka mẹ́rin bó ṣe ń mí sínú, kó ka mẹ́fà bó ṣe ń mí síta. Àmọ́ kó kọ́kọ́ gbé àpótí náà kúrò nídìí èéfín.