Gíga Ìkùukùu àti Ìmọ́lẹ̀ Oòrùn

Gbogbo ìkùukùu kọ́ ni gíga wọn dọ́gba, iṣẹ́ wọn kò sì rí bákan náà. Èyí tí ó nípọn tí ó sì rẹlẹ̀ a máa dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, ilẹ̀ a sì tutù. Èyí tí ó fẹ́lẹ́ tí ó wà lókè réré a máa sé ooru mọ́ ayé. Nítorí náà, ẹni tí yóò mọ bí ooru ayé yóò ti rí gbọ́dọ̀ mọ gíga ìkùukùu.

Ọ́síjìn tí à ń mí símú ni àwọn onímọ̀ sọ di ọ̀pá ìwọ̀n. Ọ́síjìn a máa gbé apá kan mì nínú ìmọ́lẹ̀ pupa oòrùn. Bí ìkùukùu bá ga, ìmọ́lẹ̀ a tètè kàn án, a sì padà. Àdánù rẹ̀ a kéré. Bí ìkùukùu bá rẹlẹ̀, ìrìn a gùn, àdánù a sì pọ̀.

Ní ọdún 2015 ni Amẹ́ríkà rán DSCOVR lọ sí ibi tí ó jìnnà sí ayé tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ kìlómítà. EPIC, ẹ̀rọ ayàwòrán inú rẹ̀, fi ìmọ́lẹ̀ oní-764 nànómítà, tí ọ́síjìn ń gbé mì, wé ti 780, tí ọ́síjìn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn.

Ṣùgbọ́n ìkùukùu kì í ṣe ògiri. Ìmọ́lẹ̀ a máa wọ inú rẹ̀, a rìn káàkiri láàárín ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ kí ó tó jáde, ọ́síjìn ibẹ̀ a sì tún bù ú jẹ. Ẹni tí kò bá yọ ìrìn yìí kúrò nínú ìṣirò rẹ̀ yóò pe ìkùukùu gíga ní èyí tí ó rẹlẹ̀.