Àká Dátà Tí Sáfà Púpọ̀ Jọ Ń Lò

Sáfà kan ṣoṣo lè gbé ogún virtual machine ró, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ bí odindi kọ̀ǹpútà. Bí dísìkì wọn bá wà nínú sáfà náà, ọjọ́ tó bá kú ni gbogbo wọn bá a lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń kó dísìkì sínú àká kan tí sáfà púpọ̀ ń dé láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, yálà nípasẹ̀ NFS, tí Sun Microsystems gbé jáde ní 1984, tàbí iSCSI, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2004. Bí sáfà kan bá kú, òmíràn á gbé iṣẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí sáfà méjì bá ń kọ dátà sórí dísìkì kan náà láìmọ̀ síra wọn, dátà á dàrú kọjá àtúnṣe. Nítorí náà, sáfà tó ń lo dísìkì kan gbọ́dọ̀ tì í mọ́ àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n sáfà tó dákẹ́ lè má tíì kú. Ó lè jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já, tí òun ṣì ń kọ dátà lọ. Àwọn yòókù ní láti kọ́kọ́ pa iná rẹ̀, tàbí kí wọ́n dí ọ̀nà rẹ̀ sí àká, kí wọ́n tó gba iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú fo ìgbésẹ̀ yìí ti pa dátà oníbàárà lára.

Sùúrù láti dúró de àká tó dákẹ́ náà ní ìwọ̀n. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, VMware, sọ́fítíwia tó ń gbé virtual machine ró, á dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 125 kó tó gbà pé àká NFS ti lọ. Linux inú virtual machine kì í sábà dúró ju 30 lọ, nítorí náà ó yẹ kí a fa tirẹ̀ gùn; àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdádúró díẹ̀ lè mú kó kọ̀ láti kọ ohunkóhun sórí dísìkì mọ́.

Ọ̀nà sí àká kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Abidjan sì ti fi hàn pé ọ̀nà púpọ̀ lè jẹ́ ọ̀kan. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, 2024, kébù abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí etíkun ìlú náà. Íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ní Côte d'Ivoire, wàhálà náà sì dé àwọn báǹkì Nàìjíríà. Orúkọ wọn yàtọ̀, àmọ́ agbègbè òkun kan náà ni wọ́n gbà kọjá. Bákan náà ni wáyà méjì tó wọ inú switch kan (ẹ̀rọ tó ń so wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀), tàbí switch méjì tó ń jẹ iná kan. Kí a tó fọkàn tán ọ̀nà méjì, ẹ jẹ́ ká fa wáyà kan yọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ká wo bóyá èkejì gbà á. Ẹ̀dà dátà sì gbọ́dọ̀ wà nínú ilé mìíràn, nítorí àká fúnra rẹ̀ lè jóná.